Kànga Àárín Òkun

GIS ni mò ń kọ́, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà ya máàpù. Fún iṣẹ́ àṣekágbá, mo wọ agboolé káàkiri Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, mo ń fi fóònù gba ibi tí kànga wà. Mo da nọ́ńbà sínú QGIS, ètò tó ń ya máàpù, àmì yọ lọ́wọ̀ọ́wọ́, ó wù mí. Mi ò gbé àwòrán ayé sábẹ́ wọn, torí dátà ti wọ́n. Mo ní ó di ọjọ́ tí n óo dúró níwájú àwọn olùkọ́.

Ọjọ́ pé. Táì ń fún mi lọ́rùn. Mo ní, "Ẹ wo kànga Bẹẹrẹ!" Mo tẹ bọ́tìnnì. Ògiri di búlúù láti òkè délẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́kì ni. Mo sún àwòrán sẹ́yìn, mo tún sún un, ìlú Bonny bá yọrí lókè: gbogbo kànga mi wà nínú Òkun Àtìláńtíìkì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá láti ìta yọ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ìwọ lo rí kànga wọ̀nyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O fẹsẹ̀ rìn débẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹnu mi ò mọ nǹkan mìíràn mọ́.

Ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n ló ṣí ojú ewé tó kàn, èyí tó sọ pé kànga wọ̀nyí sún mọ́ ṣáláńgá jù. Baba ní, "Ṣáláńgá ta ni? Ti ẹja?" Kíláàsì dàrú.

Ìbàdàn fi nǹkan bí dígírì 7.4 jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé lápá àríwá, latitude nìyẹn. Ó fi dígírì 3.9 jìnnà sí ìlà Greenwich lápá ìlà-oòrùn, longitude nìyẹn. Latitude ni gbogbo èèyàn ń pè ṣáájú, bẹ́ẹ̀ náà ni Google Maps ń kọ ọ́. Àmọ́ X ni QGIS kọ́kọ́ ń béèrè, longitude sì ni X. Latitude ni mo fi síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò pariwo, torí ibi tí nọ́ńbà náà bọ́ sí wà láyé lóòótọ́: gúúsù Bonny, lójú agbami. Inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí, nọ́ńbà méjì péré, ẹ ò lè fẹnu kò lórí èyí tó máa ṣáájú?

Mo yí i padà lójú wọn. Kànga padà sí Bẹẹrẹ, àfi ẹyọ kan. Ìdí ẹ̀ ni fóònù mi ti kú, mo bá fi òdo àti òdo dí àyè rẹ̀. Ibi tí ìlà agbedeméjì ayé ti pàdé ìlà Greenwich ló wà. Òkun náà ni.

Ohun tó dùn mí jù ni pé, ká ní Kánò ni mo ti fi latitude sípò longitude báyìí, ẹ̀gbẹ́ Ganye ní Ádámáwá ni kànga mi ì bá já sí, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò sì sẹ́ni tí ì bá fura.