Bàtà Yín Ni, Kì í Ṣe Àjẹ́: Màmá Ọgbọ́n-Ẹ̀wẹ́ Dá Àwọn Awakọ̀ Lóhùn

Mo ti múra sílẹ̀ de ìbéèrè lórí owó epo, àfi bí lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ṣe kún fún ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Láti Másha dé Ọyíngbò, ẹsẹ̀ ló ń dun gbogbo yín, ẹ sì ti mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀: ìyá ọkọ, àjẹ́ ilé bàbá, aládùúgbò tí kò kí yín lówùúrọ̀. Ẹnì kan ò tíì bẹ̀rẹ̀ wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ wò ó.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Sátidé kan kì í kọjá kí n má lọ òde, èmi náà ni mo sì ń wa ọkọ̀. Bàtà gogoro mi ga tó ínǹṣì mẹ́rin, ó bá gèlè mi mu régí. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Adéníran Ògúnsànyà, iṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á ti máa fà, gìgísẹ̀ mi á sì máa ta mí títí di ọjọ́ Ajé. Ọkọ mi ní kí n máa wọ sálúbàtà. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló rán an. — Aláṣọ Ẹbí, Súrùlérè*

Aláṣọ Ẹbí ọmọ mi, ìyá ọkọ rẹ ò mọwọ́mẹsẹ̀. Gìgísẹ̀ awakọ̀ ni òpó ilé: orí ilẹ̀ ọkọ̀ ló yẹ kó fìdí kalẹ̀ sí, kí iwájú ẹsẹ̀ wá máa yí láti orí tọ̀rótù bọ́ sórí bíréèkì. Ìwọ wá yọ òpó kúrò nílẹ̀, o gbé e lé orí igi tín-ín-rín, o ní kí iṣan ọrùn ẹsẹ̀ gbé ilé dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sátidé, nígbà tí gbogbo Súrùlérè ń lọ sí gbọ̀ngàn kan náà. Ṣé kò ní fà? Èyí tó tiẹ̀ burú níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ tó wà lókè báyẹn kì í mọ bí òun ṣe ń tẹ bíréèkì tó. Á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nígbà tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ gidi, á sì tẹ̀ ẹ́ gidi nígbà tí ọlọ́kadà... áà, wọ́n ti lé ọlọ́kadà kúrò ní Súrùlérè láti oṣù Kẹfà ọdún 2022, ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n lọ lóòótọ́.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Lọ sí Tẹjúoṣó, ra bàtà pẹlẹbẹ kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò nípọn, tó ní ohun tó dì í mú lẹ́yìn gìgísẹ̀. Inú ọkọ̀ ni kó máa gbé. Bó bá fi lè wọlé pẹ́nrẹ́n, àwọn ọmọ á fi lọ ra búrẹ́dì, ó parí nìyẹn. Bàtà gogoro tí o bọ́ ńkọ́? Má sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ara rẹ, torí ọjọ́ tí kòrópé bá já lù ọ́ lójijì ló máa yí bọ́ sábẹ́ bíréèkì. Gbé e fún ọkọ rẹ. Kó gbé e lé itan títí ẹ ó fi dé òde. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, kó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ, kó bẹ̀rẹ̀, kó fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ níṣojú gbogbo ẹbí. Wọ́n á ní o ti fún un ní nǹkan jẹ. Má dá wọn lóhùn. Tí ìyá rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí i dáadáa.

*Màmá, dánfó ni mo ń wà, Òjúẹlẹ́gba sí Múṣin. Ẹsẹ̀ òsì mi fẹ́ pa mí. Tó bá di alẹ́, mi ò lè fi tẹlẹ̀. Olóògùn kan ní àpèta ni, ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Owó ti lọ, ẹsẹ̀ ò lọ. — Wọlé Kí Ń Gbéra, Ìdí-Orò*

Bàbá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àpèta wo ló máa mọ ẹsẹ̀ tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tó máa fi ìkejì sílẹ̀? Láti ọdún 1975 ni Fẹlá ti fi wàhálà oríta Òjúẹlẹ́gba kọrin sínú *Confusion*, wàhálà ọ̀hún ò sì tíì tán. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ iwájú bá sún, kílọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ndọ́ bá pariwo pé ó ń bọ́, kílọ́ọ̀ṣì. Kẹ́ ẹ tó dé Mọ́ṣáláṣí, ẹsẹ̀ òsì ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì nìkan kọ́ ni mo rí nínú lẹ́tà yín. Mo mọ̀ pé sílípáàsì lẹ wọ̀, ẹ má bá mi jiyàn. Kí sílípáàsì má baà bọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní láti dì í mú láti àárọ̀ dalẹ́. Dídì yẹn ló ń fa ìrora tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí gìgísẹ̀. Sílípáàsì tún lè ká bọ́ sábẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Tó bá sì jẹ́ pé LT ni ọkọ̀ yín, ẹ́ńjìnnì wà láàárín ẹ̀yin àti èrò iwájú. Ẹni tó bá ti jókòó sórí rẹ̀ rí mọ bó ṣe ń gbóná, ẹsẹ̀ tí a ò bò kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ sí bẹ́ndáùn ní Yábàá, ẹ ṣa kámbáàsì tó le lábẹ́ tí kò sì fẹ̀ jù, ẹ so okùn rẹ̀, ẹ ti ẹnu okùn bọ inú. Tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ bọ́ jíà sí fíríì, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lé e lásán, ó ń jẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ń jẹ díìsì ọkọ̀. Àwọn tó ń ta pátì ní Ládiípọ̀ máa ń gbàdúrà fún irú yín. Ẹ fa àga yín sún mọ́ iwájú, tó fi jẹ́ pé bí kílọ́ọ̀ṣì bá wọlẹ̀ tán, orúnkún yín á ṣì ká díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá na tán kí ó tó tẹ̀ ẹ́ dópin, ìbàdí ló máa bá a san gbèsè.

Sílípáàsì yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fi ìwé wé e, ẹ gbé e lọ fún olóògùn, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ti rí àpèta ọ̀hún mú, kó dá owó yín padà.

*Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni. Inú àwọn kan ò dùn sí i. Mo ra máàtì tuntun tẹ́ sórí ti tẹ́lẹ̀, kó lè wuyì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí afárá Third Mainland, mo tẹ tọ̀rótù, ó wọlẹ̀, kò gòkè mọ́! Bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó mi náà ń pa ìka ẹsẹ̀ mi. Ṣé kí n gbààwẹ̀? — Ògo Adúgbò, Yábàá*

Ògo Adúgbò, ọ̀tá rẹ wà nínú ọkọ̀ lóòótọ́, ìwọ lo sì fowó ara rẹ rà á. Máàtì orí máàtì kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, Toyota pe ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin padà ní Amẹ́ríkà, nítorí máàtì tó lè sún síwájú kó di tọ̀rótù mọ́lẹ̀. Camry ọdún 2007 sí 2010 wà nínú ẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní Muscle. Máàtì kan ṣoṣo, tó bá ọkọ̀ mu, tí ìkọ́ rẹ̀ dè é mọ́lẹ̀, ló tó. Bí tọ̀rótù bá tún há, tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi, má máa tẹ̀ ẹ́ jù sílẹ̀, bọ́ jíà sí N, yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni kó o wá pa ọkọ̀. Gbàdúrà o, ṣùgbọ́n má dijú.

Ti bàtà ṣóńṣó, mo fura pé nọ́ńbà 43 lẹsẹ̀ rẹ, ìwọ ra 42 torí pé wọ́n yọ owó kúrò lórí ẹ̀. Tó bá tún di ọjọ́ bàtà, ìrọ̀lẹ́ ni kó o lọ rà á, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tó bá ti rìn, tó ti jókòó dalẹ́. Bàtà tó bá gbà ọ́ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, á gbà ọ́ láàárọ̀. Ààwẹ̀ tí o fẹ́ gbà yẹn, gbà á lórí àṣejù.

*Màmá, London ni mo ti wá ṣọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n fi bàtà òtútù mi tó nípọn wa ọkọ̀ òun. Ní London, kò sófin tó ní kí n má wọ̀ ọ́. — Ọmọ Peckham*

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló jàre. Ìlànà 97 nínú ìwé ìlànà ìrìnnà tiyín lọ́hùn-ún sọ pé kò yẹ kí aṣọ àti bàtà dí awakọ̀ lọ́wọ́ láti lo ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Bàtà tó nípọn tó tìrẹ, ó lè tẹ bíréèkì àti tọ̀rótù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún níbí láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, nítorí náà ọwọ́ rẹ ti ní iṣẹ́ tó ń kọ́, má tún fi ẹsẹ̀ kún un. Fi bàtà náà ta ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́rẹ. Á gbà á, á sì dákẹ́.

*Màmá, lẹ́yìn tí mo wa ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé, ẹsẹ̀ mi kan wú, ìsàlẹ̀ orúnkún ń ro mí, ó gbóná. Èkejì ò ṣe nǹkan kan. Bàtà wo ni kí n rà? — Ìyá Ìbejì, Múṣin*

Má ra bàtà. Ìwọ nìkan ni mi ò bá ṣeré lónìí. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn-àjò, ká gbé wọn sókè, ká sinmi, ó máa ń lọ. Ẹyọ kan tó wú, tó ń ro, tó gbóná, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan, ó sì lè ṣí kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí-Àràbà ò jìnnà sí Múṣin. LUTH wà níbẹ̀. Lọ lónìí, má wakọ̀ lọ fúnra rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ náà, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́, torí ẹsẹ̀ yín lè gba ọgbẹ́ nínú bàtà kó má sì dùn yín rárá.

Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà yín ní ṣókí, ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín sí i, ẹ má kọ orúkọ onílé, torí ìyàwó onílé tèmi náà máa ń ka ojú ìwé yìí.