Àpò Kan, Ọwọ́ Mẹ́jọ

Ilẹ̀ mẹ́jọ ló ń jẹun láti inú àpò kan nínú ìjọba àpapọ̀ tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1895, Dakar ló sì di ẹnu àpò náà mú. Owó ibodè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Aṣọ tó bá ń lọ sí ọjà Niamey a san tirẹ̀ ní èbúté Cotonou. Owó náà a gba Dakar lọ. Dakar a yọ ìpín tirẹ̀, a fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Niamey, a pè é ní ìrànlọ́wọ́. Niamey a sì dúpẹ́.

Abidjan kì í dúpẹ́ ní tirẹ̀. Kọfí àti kòkó ti sọ Côte d'Ivoire di ọlọ́rọ̀, Félix Houphouët-Boigny, aṣáájú òṣèlú ibẹ̀, sì ṣírò ọ̀rọ̀ náà títí ó fi rí i pé ilẹ̀ òun ni màlúù tí gbogbo ilé ń fún wàrà rẹ̀. Nígbà tí òfin mínísítà Faransé Gaston Defferre ti 1956 fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ìjọba tirẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ló fi gbà á. Léopold Sédar Senghor ti Senegal fárígá, ó ní wọ́n fẹ́ gé Áfíríkà sí wẹ́wẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ Dakar náà ni olú-ìlú, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì àti owó oṣù wà. Èrò lórí ìjọba àpapọ̀ ti pín sí ẹ̀ka méjì láti ìgbà náà: ẹni tó ń san owó ń wá òmìnira, ẹni tó ń gbà á ń wá ìṣọ̀kan.

Ní Niamey, Djibo Bakary, olórí ìjọba Niger, ní kí àwọn èèyàn dìbò "rárá" fún òfin ìjọba tuntun tí Faransé gbé kalẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1958. "Bẹ́ẹ̀ ni" ló wọlé (Faransé kò kúkú káwọ́ gbera), ipò Bakary sì bọ́ sọ́wọ́ Hamani Diori. Ní oṣù Karùn-ún 1959, Niger, Dahomey (Benin òní) àti Upper Volta (Burkina Faso òní) bá Côte d'Ivoire dá Conseil de l'Entente sílẹ̀, pẹ̀lú àpò ìrànwọ́ tí Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ ń dá owó tó pọ̀ jù sí. Màlúù kò kọ wàrà, ẹni tó ń fún un ni kò wù ú.

Reluwé náà jẹ́rìí sí i pé ohun tí wọ́n fi orúkọ Niger pè kì í dé Niger. Èyí tí wọ́n ń pè ní Abidjan–Niger dé Ouagadougou ní 1954, kò sì jáde ní ilẹ̀ Upper Volta mọ́. Bénin–Niger kò kọjá Parakou. Bóyá odò Niger ni wọ́n ní lọ́kàn o, bóyá orílẹ̀-èdè ni o, kò sí èyí tó dé ọ̀kankan.

Àpò Dakar ti di ìtàn, àmọ́ àpò tuntun tún ti dé. Niger, Mali àti Burkina Faso fọwọ́ sí àpapọ̀ AES, ìyẹn àjọṣe àwọn ilẹ̀ Sahel, ní Niamey ní oṣù Keje 2024, wọ́n sì jáde ní ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní oṣù Kìíní 2025. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi gbé owó ibodè tiwọn kalẹ̀: ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ẹrù tó bá ti ìta wá. ECOWAS tí wọ́n sá fún, ìdá 0.5 náà ló ń gbà.

Ní Grand Marché ti Niamey, aláṣọ kì í bi ẹrù pé ti ta ni ìdá náà. Láti ìgbà tí Niger ti ti ibodè Benin pa ní 2023 ni ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba Lomé, tí ó ń la Burkina Faso kọjá pẹ̀lú ṣọ́jà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìnáwó yìí ni aláṣọ ń kó lé owó ọjà. Oníbàárà a ní ó ti wọ́n jù, a ná an títí, a sì san án.