Òwú Pupa, Ìyẹ́ Pupa, Ẹja Kò Dá Mi Lóhùn

Télọ̀ ni mí ní Ìnísà, iṣẹ́ télọ̀ náà ló sì tì mí sínú ọ̀ràn yìí. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí maṣíìnì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tó bá ń dán ni ojú ń tọ̀ lọ. Oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi kì í yẹ ojú rírán wò. Ibi tí òwú góòlù bá ti ń kọ mànà ló ń nawọ́ sí. Ta ló wá sọ fún mi pé ẹja kì í ṣe oníbàárà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Scotland ló wá kí wa, tó fi ọ̀pá ìpẹja kan àti páálí pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ fún mi. Ìwọ̀ tín-tìn-tín ló kún inú páálí náà, wọ́n fi òwú àti ìyẹ́ wé wọn kí wọ́n lè jọ kòkòrò. Kì í ṣe irú èyí tí à ń fi ekòló sí, tó ń rì lọ ságbègbè àrọ̀. Ìwọ̀ tó ń léfòó ni: ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tó gan, tí wọ́n wé yí i ká, ló ń gbé e dúró lójú omi, ẹja á sì rò pé kòkòrò ló já bọ́. Mo tú páálí yẹn wò, ìtìjú àwọn tó rán an mú mi. Àwọ̀ eérú, àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ aṣọ tó ti ṣá. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Adams, tí Leonard Halladay kọ́kọ́ ṣe ní Michigan lọ́dún 1922; kò sí òyìnbó apẹja tí kò mọ̀ ọ́n. Mo fi ìka tì í sẹ́yìn. Mo ní èmi ni mo máa fi aṣọ gidi hàn wọ́n.

Mo sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́ o. Mo ti kà pé Aelian, ará Róòmù tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, sọ pé irun àgùntàn pupa ni àwọn ará Makedóníà ń wé mọ́ ìwọ̀, wọ́n a wá fi ìyẹ́ méjì láti abẹ́ àgbọ̀n àkùkọ kún un. Mo tún kà nípa Royal Coachman, tí John Haily ṣe ní New York lọ́dún 1878: sílíkì pupa láàárín ara, apá funfun méjì lókè. Ọdún 1878 yẹn náà ni ogun Jálumi, tí àwọn ọmọ ogun Ìlọrin sá kó sínú odò Ọ̀tìn wa níbí. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe lásán. Ohun tí mi ò kà dé nígbà yẹn ni ìdí tí Haily fi di sílíkì náà mọ́ ọn: kí ara rẹ̀, tí ó fi ìyẹ́ ọ̀kín ṣe, má baà tètè já ni. Ọ̀rọ̀ ojú rírán ni, kò fi ti ẹja ṣe rárá. Èmi télọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀.

Mo gba ọjà Ìkìrun lọ. Nínú ohun pupa tí ń bẹ lára ẹyẹ, kò sí èyí tó ju ìkóódẹ, ìyẹ́ ìrù odídẹrẹ́, lọ, mo bá kọjá sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta lékuléja.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ṣé ẹ ní ìkóódẹ?"

"Ó wà. Ta ló ń gbé òrìṣà nínú ilé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbé òrìṣà, mà. Ti ẹja ni."

Ìyá wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹja ló ń gbé òrìṣà?"

Iye tó dá lé e mú kí n dúpẹ́ kí n sì máa lọ. Ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, nítorí láti ọdún 2017 ni òfin àgbáyé ti fòpin sí kíkó odídẹrẹ́ inú igbó ṣòwò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n tìtorí epìyà mú mi. Ìyẹ́ ti ba ayé ẹlòmíràn jẹ́ ju tèmi lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ fèrè fífọn ní London wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Tring lóru ní 2009, ó jí òkú ẹyẹ 299 kó, torí pé ìyẹ́ aláràbarà wọn ni àwọn tó ń wé ìwọ̀ ń wá lójú méjèèjì.

Àkùkọ ládùúgbò ló kù. Ìyá aláta kan ní àkùkọ pupa tí ọrùn rẹ̀ ń dán yinrin. Mo bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ rà, kó máa mú àkùkọ rẹ̀ lọ. Ó fa àkùkọ náà mọ́ àyà.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹ́ ọrùn àkùkọ pupa ṣe lóru, télọ̀?"

"Ta ló ní lóru, mà?"

Kò dáhùn. Mo ra odindi àkùkọ.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mi ò ní fáìsì kékeré tí wọ́n fi ń di ìwọ̀ mú, mo bá ki ìwọ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì mi, mo sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ lé e, ó dì í mú pinpin. Òwú pupa fún ara, òwú góòlù tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó fún ìdí, ìyẹ́ lékèélékèé méjì tó nà gbọnrangandan fún apá, ìyẹ́ àkùkọ yí ọrùn ká. Mo fi òrí pa á lára kó má baà mumi. Wọ́n mú iná lọ, mo tan àbẹ́là. Kí wíwé rẹ̀ má baà ṣì mí lọ́wọ́, mo ń ka iye tí mo wé sẹ́nu. Ẹ wo èyí láti ojú fèrèsé tí ìyá aláta gbà kọjá: irin lábẹ́ irin, òwú pupa, ìyẹ́ àkùkọ tó ti ọwọ́ òun jáde, òrí, àbẹ́là, ètè télọ̀ ń mì.

Ilẹ̀ mọ́, bàbá onílé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Télọ̀, ta lò ń dì?"

"Ẹja ni, bàbá."

"Ṣé ó ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Mi ò dé ibú tí wọ́n ti ń bọ Ọ̀tìn. Òmùgọ̀ ni mí, mi ò ya wèrè. Ẹ̀kọ́ Èǹdé ni mo kọrí sí, níbi tí wọ́n ti sé odò náà kí a lè rí omi ẹ̀rọ mu. Ọmọ iṣẹ́ mi tẹ̀ lé mi, ó gbé báàgì. Mo ju okùn sẹ́yìn bí mo ṣe rí i nínú fídíò, mo jù ú síwájú, fìlà mi bá a lọ sínú omi. Àwọn apẹja tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n jókòó wòran. Nígbà tí mo rí i jù dáadáa, apá gbọnrangandan méjèèjì ń pòyì nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń lọ́ okùn pọ̀, títí ó fi di kókó tí abẹ́rẹ́ ò lè tú. Tó bá wá balẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń fi lé omi, apá kan lókè, apá kan nísàlẹ̀. Epìyà kan gòkè wá, mo rí i kedere. Ó dúró lábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó wò ó, ó padà sísàlẹ̀ láìkánjú.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n gbìyànjú tèmi?" Mi ò mọ̀ pé ó ní tirẹ̀. Ó ti fi òwú ṣòkòtò oníbàárà kan, tí àwọ̀ rẹ̀ ò ṣe é pè, àti ìyẹ́ àparò kan wé ìwọ̀ nígbà tí mo lọ jẹun. Kò ní apá rárá. Ó jù ú, omi ṣe pó, epìyà ti gbé e. Ariwo tí wọ́n pa nínú ọkọ̀ yẹn, mo gbọ́ ọ títí dé Ìnísà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣàlàyé lórí fóònù. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ tó bá wọ omi, nítorí náà gbogbo òkè fún pọ̀ sínú ihò róbótó kan lókè orí ẹja, tí igun rẹ̀ tó dígíríì 97. Yí ihò náà ká, dígí ni ojú omi: àwòrán ìsàlẹ̀ odò ni ẹja ń rí nínú rẹ̀. Kòkòrò tó bá wà lórí dígí yẹn, kìkì ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ omi ló ń tàn wínníwínní. Tó bá wọ inú ihò, ọ̀run tó mọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji ló kù. Pupa mi, góòlù mi, dúdú ni gbogbo wọn lójú epìyà.

Apá ní tirẹ̀ kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. Vincent Marinaro, ará Amẹ́ríkà tó kọ A Modern Dry-Fly Code lọ́dún 1950, fi hàn pé apá ló ń kọ́kọ́ yọ létí ihò náà kí ara tó yọ, pàápàá apá kòkòrò odò wọn tó máa ń nà án sókè. Ṣùgbọ́n kí ni tiwa ń ṣe? Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí èsúnsún bá já bọ́ sómi, pẹlẹbẹ ni apá wọn ń tẹ́ sílẹ̀. Mo tún ọ̀kan wé, mo dùbúlẹ̀ apá rẹ̀, mo lo òwú àwọ̀ ilẹ̀. Ẹja gbé e, kékeré ni, mo jẹ ẹ́ tegungun tegungun.

Ìròyìn ti kọjá Ìnísà nígbà náà. Awakọ̀ kan wá láti Òkukù, ó ní òun gbọ́ pé télọ̀ kan ń ṣe nǹkan. Mo ṣàlàyé títí ẹnu bó mi, mo gbé èyí tó mú ẹja síwájú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún un kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní pupa yẹn, èyí tó ní apá."

Mo tà á fún un. Ó so ó mọ́ dígí ọkọ̀ rẹ̀, ó wá béèrè èèwọ̀ rẹ̀. Mo ní kó má ṣe jẹ́ kó kan omi.