Olórin Ni Tíṣà Mi

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹnu olórin la ti ń kọ́ èdè. Ẹni tó bá fetí sí Haruna Ishola àti Yusuf Olatunji dáadáa, òwe ò ní wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Èmi wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti òyìnbó: ẹni tó bá ti di máíkì mú, gírámà rẹ̀ gbọ́dọ̀ yè kooro. Mo pa ìwé tì, mo gbájú mọ́ kásẹ́ẹ̀tì.

Àwọn Rolling Stones ló kọ́kọ́ kó bá mi. Orin wọn, "I Can't Get No Satisfaction", tó jáde lọ́dún 1965, ló kọ́ mi pé bí ọ̀rọ̀ bá le, "kò" ẹyọ kan ò tó. Lọ́jọ́ tí tíṣà béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá, mo dìde, mo káwọ́ sẹ́yìn: "I ain't got no book, sir." Ó ní, "Ó dáa, o ní ìwé nìyẹn. Gbé e wá." Mo fi "no" mìíràn búra pé n kò ní. Ẹgba kọ̀ọ̀kan ni mo jẹ fún "no" kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 1987 ni Michael Jackson gbé "Bad" jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣàlàyé pé lẹ́nu àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, "bad" lè jẹ́ oríyìn, ẹni tó mọ nǹkan ṣe tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà. Wọ́n ní ká kọ̀wé ìdágbére sí píríńsípà tó ń fẹ̀yìn tì. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: "You are the baddest principal in Nigeria." Èmi ni mo gé koríko pápá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì ọ̀hún.

Ti ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wá burú jù. Wọ́n fi "No Woman, No Cry" ti Bob Marley sí i, orin ọdún 1974. Bàbá ìyàwó kọjú sí mi: "Akọ̀wé, kí ni ọkùnrin yìí ń wí?" Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo tábìlì lè gbọ́: "Ó ní, bàbá, níbi tí obìnrin ò bá sí, ẹkún ò sí níbẹ̀!"

Bàbá gbé ṣíbí ìrẹsì sílẹ̀. Ìyá ìyàwó tó ń jó lọ́wọ́ dúró sójú kan: "Ta ni wọ́n ń bá wí?"

Ọpẹ́lọpẹ́ àna kan tó ti bá àwọn ará Jàmáíkà gbé ní Brixton. Ó ní èdè ilé wọn ni Marley fi kọ ọ́, obìnrin tó ń sunkún ló ń rẹ̀ lẹ́kún pé kó dákẹ́. Èmi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó sọ̀rọ̀ tán, tagbádá tagbádá, lórí ilẹ̀ tí ọbẹ̀ ti dà sí.

Olórin ń wá ohun tó bá ìlù mu, olùdánwò WAEC ń wá ohun tó bá òfin mu. Bí wọ́n bá bi mí lóde àríyá báyìí pé kí ni òyìnbó ń wí nínú orin, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ìlù yẹn dùn gan-an ni.