Morphy Kọ́ Ló Jókòó Níwájú Mi

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, tí Tunde Onakoya fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square ní New York, ni mo ti ń pe ara mi ní ọ̀ta. Ta ni mo pa láyò rí? Ẹ má bi mí.

Ayò kan ṣoṣo ni mo kọ́: èyí tí Paul Morphy, ọmọ Amẹ́ríkà, ta nínú ilé opera ní Paris lọ́dún 1858. Ọ̀tọ̀kùlú méjì ló forí korí bá a ta á: olóyè ilẹ̀ Faransé kan àti ọba Brunswick ní Jámánì, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ti lé kúrò lórí ìtẹ́. Ìgbésẹ̀ 17 péré ni Morphy fi pa wọ́n. Philidor ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà bẹ̀rẹ̀, orúkọ ọkùnrin Faransé kan tó máa ń kọ orin opera (ẹ ò rí i, inú ilé opera náà ni ẹ̀tẹ́ ti bá ọ̀nà rẹ̀). Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, ti Morphy àti ti àwọn tó pa. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Nígbà Kérésìmesì, mo lọ sí Ìdógun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bàbá tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n, mo tẹ́ pátákó mi, mo ní kí ẹni tó bá láyà bọ́ síwájú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, JSS 2, ló jókòó. A ní ẹni tó bá kú ni yóò pọn omi alẹ́.

Mo mú funfun bíi Morphy. Ní ìgbésẹ̀ kejì, ẹṣin ló gbé síbi tó yẹ kó ti ti ọmọ ogun Philidor. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé ìyẹn kọ́ ló kàn. Mo ṣáà ń gbé tèmi lọ. Mo gbé bíṣọ́ọ̀bù sí g5, ó ti ọmọ ogun sí h6. Kò sí h6 nínú ohun tí mo há sórí, mo bá ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọmọ ogun náà jẹ bíṣọ́ọ̀bù mi.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni?"

"Dákẹ́, máa wò."

Morphy fi ayaba rẹ̀ rúbọ ní b8, kí róòkù rẹ̀ lè wọ d8 pa ọba. Èmi náà fi tèmi rúbọ, ijó ló kù. Ẹṣin jẹ ayaba. Róòkù mi wọ d8. Ọba dúdú yíjú, ó jẹ ẹ́, torí bíṣọ́ọ̀bù g5 tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ ti wà lọ́wọ́ ọmọ náà tipẹ́.

Bàbá kan tó ń ta ayò tirẹ̀ kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Òpè ni," ó ní.

Ọmọ náà bi mí ẹni tó kọ́ mi. Mo ní Morphy.

"Ṣé Ìfọ́n ni wọ́n ń gbé?"

"Ó ti kú lọ́dún 1884."

"Àbájọ."

Kéègì mẹ́rin ni mo pọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.