Háǹbíréèkì Tó Mú, Tí Kò Tú

Háǹbíréèkì Hilux ayé àtijọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni tèmi wà. Wọ́n á fà á síta kó tó mú. Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, wọ́n á yí orí rẹ̀, wọ́n á sì tì í padà. Ẹnu ni mo fi mọ gbogbo èyí o. Láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ náà ní tòkúnbọ̀, n kò fọwọ́ kàn án rí. Òkúta ni mo ń lò. Bí a bá dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìyàwó mi á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gèlè lórí, á fi wẹ́ẹ̀jì sí táyà, á tún gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló ba nǹkan jẹ́. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń ti oko bọ̀ lọ́nà Ìjàyè, gbágùúdá kún ẹ̀yìn ọkọ̀, a dúró ra àgbàdo sísun. Ó rí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń fi èyí ṣe?” Mo ṣàlàyé. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, bí ọkọ̀ bá ti pé ọdún 3, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT, pé bí háǹbíréèkì kò bá ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ti fìdí rẹmi nìyẹn. Ẹ ò rí i bí àna ẹni ṣe ń bọ́ ẹni láṣọ nínú ọkọ̀ ẹni? Mo ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé tèmi ò ṣiṣẹ́?” Mo gbá a mú, mo fà á tagbáratagbára. Ó dún kéé! Ó mú.

A jẹ àgbàdo tán. Mo yí orí rẹ̀, mo tì í, kò lọ. Mo bá ṣe bí ẹni pé ó ti lọ. Ọkọ̀ ń wúwo, mo ní epo tí mo rà láàárọ̀ ni kò dáa. Ìgbà tí a máa fi dé ìta ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, èéfín ti ń rú ní táyà ẹ̀yìn, ọlọ́kadà kan sì ń pariwo, “Bàbá, iná o!” Àna mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká kúkú wọ ọkọ̀ ojú irin ni?” Láti 2021 ni wọ́n ti ń gbé èrò láti ibẹ̀ lọ sí Èkó. Kò sí èyí tó ń lọ sílé mi.

Kébù háǹbíréèkì yẹn, wáyà irin ni, inú awọ ló ń gbà. Bí awọ náà bá ti ya, omi òjò àti eruku pupa á wọlé, wáyà á dógùn-ún, á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Bí a bá ń fà á déédéé ni kì í fi í tètè lẹ̀. Tèmi lẹ̀ síbi tí mo fà á dé, ló bá di ṣúù bíréèkì mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń ha ara wọn títí tí wọ́n fi gbóná.

Mo pinnu láti fọwọ́ ara mi ṣe é. Ṣebí mo ti wò ó lórí YouTube. Mo gbé ọkọ̀ síwájú ilé, mo fi sí fíríì, mo wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ayùn irin. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ilẹ̀ wa dà sísàlẹ̀, àti pé kébù tí mo ń gé yìí nìkan ló di ọkọ̀ mú. Bó ṣe já báyìí, gààù! Hilux kọjá lórí mi, dífù rẹ̀ gba fìlà mi lọ. Bí ikùn mi bá rí bí ti àwọn ẹgbẹ́ mi ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa sọ ìtàn yìí fún yín. Ilé ewúrẹ́ Ìyá Ìbejì ló dá a dúró. Ìyá Ìbejì yọjú, ó wò mí nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, “Bàbá Fúnmi, ẹ kú ìsinmi o.”

Ó wá ku dúrọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ yọ. Mo fi òòlù lù ú títí ọwọ́ mi fi bó. Ọmọ kékeré kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ń kọjá lọ, ó dúró wòran díẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹ má bínú o.” Ó mú bóòtì méjì, ó dé wọn sínú ihò kékeré méjì tó wà lójú dúrọ́ọ̀mù náà, ó ń fún wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Dúrọ́ọ̀mù rọra rìn jáde fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ lu ihò náà nìyẹn. Ọmọ náà kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, èyí ló dùn mí jù.

Òun náà ló bá mi so kébù tuntun, nígbà tí mo rí èyí tó bá a mu rà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní irú ọkọ̀ yìí, ẹ máa fà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má baà lẹ̀. Bó bá sì ti lẹ̀, ẹ tú kébù àtijọ́ náà dání kẹ́ ẹ tó lọ sí Ararọ̀mí ní Agodi Géètì. Wọ́n á bi yín pé, “Ọ̀tún ni àbí òsì?” Wọn kì í gùn bákan náà. Ẹ má dáhùn pé èyíkéyìí.