Alága Ọmọlanke Nínú Jíìpù

Wọ́n tún ti já rìbọ́ńnì lára jíìpù. Gómìnà na kọ́kọ́rọ́, àwọn alága káńsù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn káńsẹ́lọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà rí fọ́tò yẹn, ẹ má díbọ́n. Wọ́n ní kí iṣẹ́ lè yá ni.

Iṣẹ́ wo? Mo lọ hú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 jáde, mo ṣí i dé Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ káńsù sí. Ó wà níbẹ̀ gbangba: káńsù ni yóò máa fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, bárò àti ọmọlanke ní láísẹ́ǹsì.

Olórí àwọn bárò ni a ń ra Land Cruiser fún.

Bárò kì í mu epo. Ọmọlanke kì í mu epo, òógùn alábàárù ló ń mu. Nínú gbogbo ohun ìrìnnà tí òfin fi sábẹ́ alága wọ̀nyí, kò sí èyí tó mọ ọ̀nà ilé epo. Alága nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bó bá sì wù ú láti lọ yẹ láísẹ́ǹsì bárò wò lọ́jà, sáírìnì yóò ṣáájú, gíláàsì dúdú yóò tẹ̀ lé e, jíìpù yóò há sẹ́nu ọ̀nà ọjà, bárò yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú àpò gàrí méjì. Bí jíìpù bá rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ta ni yóò tì í jáde? Àwọn ọlọ́mọlanke náà ni, láìsí láísẹ́ǹsì.

Ẹ wo ọ̀fun jíìpù náà ná. Land Cruiser ẹlẹ́ńjìnnì V8 yẹn ń mu nǹkan bíi lítà 17 fún kìlómítà 100. Corolla kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 7 lọ. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, iye tí ìjọba ń ta lítà kan kò tó 200 náírà. Nígbà tí 2024 fi ń parí lọ, ó ti tó nǹkan bíi 1,000. Àwa là ń ra tiwa, àwa náà là ń ra tiwọn.

Àwáwí wọn ni pé ọ̀nà kò dára. Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi sọ bẹ́ẹ̀ ní 2023 nígbà tí àwọn aṣòfin Àbújá ń gba Land Cruiser tiwọn. Ó dáa, iṣẹ́ sẹ́nétọ̀ kọ́ ni kó da ọ̀dà sójú títì. Alága ńkọ́? Àfikún Kẹrin kan náà ló ní kí káńsù máa tún òpópónà ṣe! Kò tún un ṣe, a wá ra ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ kò fi ní í mọ̀ pé òun kò tún un ṣe. Ẹ gbé e sínú tòkunbọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá gírédà kò ní í dé àdúgbò wa kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Aboyún ń rọbí lóru, orí ọ̀kadà ni wọ́n ń gbé e sí, ẹnì kan á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti dì í mú, torí pé ilé ìwòsàn káńsù kò ní ọkọ̀, èyí tó bá sì ní, kò ní epo. Ìwà ìkà ni. N kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Ká padà sórí jíìpù. Ní May 2024, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé ọkọ̀ tó ń lo gáàsì CNG ni kí iléeṣẹ́ ìjọba máa rà. Àwọn alága yóò ní Àbújá ni wọ́n ń bá wí, káńsù ti dá dúró, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ló dá a bẹ́ẹ̀ ní July ọdún náà. Ó dáa. Kí wá ni kọ́kọ́rọ́ ń wá lọ́wọ́ gómìnà?

Kí n tó pa ìwé òfin yìí dé: iṣẹ́ káńsù náà ni kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Ilé tèmi ní 14 pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ó tún ní 31 pẹ̀lú ọ̀dà búlúù. Ẹni tó ń pín ìwé owó-orí ilé kiri nìkan ni kì í ṣì í mọ̀.